Ẹ fẹ́ sọ irin gìtá béèsì yín di aláwọ̀ wúrà? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó

Bẹ́ ẹ bá ń gba Yemetu kọjá nírọ̀lẹ́ Sátidé, láti ẹ̀gbẹ́ ọsibítù Adéọ̀yọ́ títí wọ ọ̀nà Bẹẹrẹ, ohùn béèsì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn olórin. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń múra ìsìn ọjọ́ kejì sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ òde ìnáwó tí wọ́n ti fi kánópì dí títì pa. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń kíyè sí nǹkan kan lára àwọn gìtá yìí: irin ara wọn ti ń yí àwọ̀. Èyí tó ń dán funfun tẹ́lẹ̀ ti di aláwọ̀ wúrà. Òmíràn sì ti dúdú bíi kóró iṣin.

Àwọn oníbéèsì bíi mẹ́ta ládùúgbò wa ló ti bi mí léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wádìí ọ̀rọ̀, ṣé kò ní ba ohùn gìtá jẹ́ báyìí?” Èmi kì í ṣe oníbéèsì o. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Poli. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn tó ń tún gìtá ṣe, mo wo bí wọ́n ṣe ń tú u tí wọ́n ń tò ó, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹwà lọ. Gìtá yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin fi ń san owó ilé. Bí ó bá bàjẹ́ ní Jímọ̀, òde Sátidé ti lọ nìyẹn. Ibì kan tiẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó lè gba ẹ̀mí èèyàn, a máa dé ibẹ̀.

Béèsì kì í ṣe àjèjì sí wa

Kí gìtá oníná tó dé, àwa Yorùbá ti ní ohùn ìsàlẹ̀ tiwa. Àgídìgbo ni, àpótí onígi tó ní àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka ta. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ béèsì nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá àti nínú orin àwọn ẹgbẹ́ àgídìgbo láyé àwọn bàbá wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Béèsì náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé òun ló ń gbé ẹsẹ̀ àwọn, àyàfi ìgbà tí ó bá dákẹ́.

Ní 1951 ni Leo Fender, tó ní ilé iṣẹ́ ní Fullerton ní ìpínlẹ̀ California, gbé gìtá béèsì oníná tó pè ní Precision Bass jáde. Ní 1960 ó tún gbé Jazz Bass jáde. Àwọn méjì yìí ni púpọ̀ nínú àwọn béèsì tí à ń rí lónìí ń wò kọ́ṣe, ì báà jẹ́ tókúnbọ̀ ì báà jẹ́ tuntun láti Ṣáínà. Ohùn béèsì oníná wọ inú jùjú, wọ inú Afrobeat, wọ inú orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, títí dé ìgbà tí àwo Juju Music ti King Sunny Adé kárí ayé ní 1982, gìtá ti di ara ilé pátápátá.

Àwọ̀ irin náà ní ìtàn. Irin funfun tó ń dán ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Kí ọdún 1960 tó pé, Fender ti ń fi irin aláwọ̀ wúrà sí gìtá fún ẹni tó bá lè san owó lé e. Títí di òní, àwọn olólùfẹ́ gìtá ń fi orúkọ obìnrin olórin nì, Mary Kaye, pe ọ̀kan nínú irú gìtá bẹ́ẹ̀. Irin dúdú ní tiẹ̀ gbòde gan-an láàárín 1980 sí 1989, nígbà tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì fẹ́ kí gbogbo nǹkan dúdú. Ẹ rí i pé àṣà ni, bí a ṣe ń wá gèlè tó bá bàtà àti báàgì mu. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Àwọn irin wo là ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká dárúkọ wọn kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wa. Àkọ́kọ́ ni túnà, àwọn kọ́kọ́rọ́ orí gìtá tí à ń lọ́ kí okùn lè le tàbí kó dẹ̀. Èkejì ni bíríìjì, irin ńlá tó wà ní ikùn gìtá tí okùn ti bẹ̀rẹ̀. Lórí bíríìjì yìí ni àwọn irin kéékèèké wà tí okùn kọ̀ọ̀kan gbé ara lé, sádúlù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀kẹta ni àwọn nọ́ọ̀bù tí à ń yí fún ohùn. Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì méjì tí bẹ́líìtì èjìká ń há mọ́, irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ọrùn, irin ojú jáàkì tí wáyà ń wọ̀, àti gbogbo sukúrúù kéékèèké.

Nínú gbogbo wọn, túnà àti bíríìjì ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn tó kù, ọmọdé lè pààrọ̀ wọn.

Kí ló wà lábẹ́ àwọ̀ yẹn?

Irin aláwọ̀ wúrà kì í ṣe wúrà látòkè délẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Irin, idẹ tàbí síńkì àdàlù ló wà nínú. Wọ́n á fi iná mànàmáná mú bàbà lẹ̀ mọ́ ọn nínú omi kẹ́míkà, wọ́n á tún fi níkẹ́ẹ̀lì lé bàbà náà lórí, níkẹ́ẹ̀lì yìí gan-an ló ń fún un ní dídán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi kúróòmù tàbí wúrà ṣe aṣọ òkè. Aṣọ òkè yìí fẹ́lẹ́ gan-an. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000: lọ́pọ̀ ìgbà, wúrà orí nọ́ọ̀bù gìtá kò nípọn tó ìdá kan nínú rẹ̀.

Ibí ni ìyàtọ̀ wà. Kúróòmù le bí òkúta, ọwọ́ kì í tètè nù ún kúrò. Wúrà kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Tí ọwọ́ bá ń fi ara kàn án lójoojúmọ́, tí òógùn tó ní iyọ̀ nínú ń kán sí i, á ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ á yọjú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí bíríìjì aláwọ̀ wúrà tó ti funfun níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ń sinmi lé, tí etí rẹ̀ sì ṣì ń dán. Ní ìlú bíi Ìbàdàn, nínú ooru, pẹ̀lú ìsìn wákàtí mẹ́rin, ẹ mọ bí òógùn ṣe máa ń rí.

Dúdú ní tiẹ̀, oríṣiríṣi ni. Àwọn kan jẹ́ kúróòmù dúdú tàbí níkẹ́ẹ̀lì dúdú tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ọ̀dà lásán. Ọ̀dà lè fín tí nǹkan bá ha á, irin abẹ́ rẹ̀ á sì hàn bí egbò. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún irin dúdú, ẹ bi olùtajà léèrè irú dúdú tó jẹ́.

Ohun kan tún wà fún àwọn tí ara wọn kì í gba níkẹ́ẹ̀lì, tí ìka wọn ń yún tàbí tó ń lé. Ó lè jẹ́ pé níkẹ́ẹ̀lì abẹ́ wúrà tó ti ṣí ló ń bá awọ ara wọn jà. Kúróòmù tí kò tíì ṣí máa dára fún irú wọn ju wúrà tó ti ń bó lọ.

Ṣé àwọ̀ ń yí ohùn padà?

Rárá. Àwọ̀ lásán kò ní ohùn. Ẹ wo ìyáàlù dùndún: idẹ wẹẹrẹ tí wọ́n tò yí ojú rẹ̀ ká, ìyẹn ṣaworo, ẹwà ni, ṣùgbọ́n ó tún ń dún, ó wà nínú ohùn ìlù náà. Nọ́ọ̀bù wúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wúrà ń jẹ́ kí béèsì dùn, ọjà ló ń tà.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pààrọ̀ bíríìjì fífúyẹ́ sí èyí tó wúwo gan-an, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó. Ìyẹn kì í ṣe ti àwọ̀ mọ́, ti irin fúnra rẹ̀ ni. Bákan náà, tí túnà tuntun bá wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, orí gìtá á máa fà wálẹ̀ tí ẹ bá gbé e kọ́ èjìká, ọwọ́ òsì yín á wá di ẹni tó ń gbé ẹrù dípò kó máa ta okùn. Lẹ́yìn wákàtí méjì lóde, ẹ̀yìn á sọ fún yín.

Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó rà á

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á fi ojú rà á. Ó rí fọ́tò lórí fóònù, ó dára lójú, ó sanwó. Nígbà tó délé, ihò ò bá ihò mu. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wọ̀n nìyí:

1. Ihò bíríìjì: Mélòó ni? Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra? Bíríìjì onísukúrúù 5 ti Fender àtijọ́ ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Ibanez, Yamaha àtàwọn yòókù ní tiwọn.

2. Àlàfo okùn sí okùn lórí bíríìjì: Lórí béèsì olókùn 4, mìlímítà 19 ló wọ́pọ̀. Lórí olókùn 5 tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn, ó lè wà láàárín 16.5 sí 19. Tó bá fẹ̀ jù, okùn ẹ̀gbẹ́ á fẹ́ já bọ́ létí ọrùn.

3. Ihò túnà: Ẹ yọ ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wọn ihò rẹ̀. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe tò ó: ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lápá kan, àbí méjì-méjì, àbí mẹ́ta lápá kan méjì lápá kejì? Túnà apá òsì kì í wọ apá ọ̀tún.

4. Ọ̀pá tí nọ́ọ̀bù ń wọ̀: Ti gìtá Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ mìlímítà 6.35, ti Éṣíà máa ń jẹ́ mìlímítà 6. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀bù tó kéré kò ní wọlé, èyí tó tóbi á sì máa yí lófo. Ẹ tún wo bóyá ọ̀pá náà yípo gbọnrangandan, tàbí ó ní eyín wẹẹrẹ wẹẹrẹ tó sì là sí méjì.

5. Sukúrúù: Gìtá Amẹ́ríkà ń lo ínṣì, púpọ̀ nínú ti Éṣíà ń lo mìlímítà. Ẹ má fi ipá wọ ọ̀kan sínú ihò èkejì.

Wáyà kékeré abẹ́ bíríìjì

Ibí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ jù lọ. Lábẹ́ bíríìjì ọ̀pọ̀ béèsì, wáyà tín-ín-rín kan wà tó gba inú igi lọ bá jáàkì. Òun ló so okùn gìtá pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ. Ara èèyàn máa ń gba ariwo iná mọ́ra bí èríàlì. Nígbà tí ọwọ́ yín bá kan okùn, ariwo yẹn á gba okùn, gba sádúlù, gba bíríìjì, gba wáyà yẹn lọ, gìtá á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tí wáyà náà bá já nígbà tẹ́ ẹ ń tú bíríìjì, tàbí tí ẹ gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin dáadáa, “hùùù” lẹ máa gbọ́ látinú gbohùngbohùn látìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà tún wọ ibí. Ọ̀dà kì í gba iná kọjá. Tí ẹ bá ra bíríìjì tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bò látòkè délẹ̀, tàbí ẹ fún un ní ọ̀dà fúnra yín, wáyà lè wà níbẹ̀ kó má sì ṣiṣẹ́. Ẹ fi sáńpépà ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ níbi tí wáyà ti máa kàn án, títí irin á fi hàn. Kí ẹ sì lo mítà tí àwọn oníná ń lò láti rí i pé iná ń kọjá láti okùn dé jáàkì.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀. Wáyà yìí so okùn mọ́ àpótí ámpù, ọwọ́ yín sì wà lára okùn. Tí ẹ́ẹ̀tì ilé bá dára, ààbò ni. Ṣùgbọ́n tí ámpù bá ní àléébù, tí kò sì sí ẹ́ẹ̀tì, iná lè wà lára okùn náà. Ẹ fi ẹnu kan máíkì tó wá láti ẹ̀rọ mìíràn, iná á gba ara yín kọjá. Ní 1972, Les Harvey, ọmọ Scotland tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ Stone the Crows, kú lórí pèpéle ní ìlú Swansea lórílẹ̀-èdè Wales, nígbà tó fọwọ́ kan máíkì tí kò ní ẹ́ẹ̀tì. Ní tiwa tí a ń so jẹnẹrétọ̀ mọ́ bọ́ọ̀sì wáyà, tí a ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kó lè wọ ojú ihò méjì, ẹ ò rí i pé ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́!

Ẹ má yọ wáyà abẹ́ bíríìjì nítorí ìbẹ̀rù o. Ẹ má ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì. Ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ kó wá yẹ ẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì yín wò. Tí máíkì bá ti ń ta yín létè, ẹ dá orin dúró, ẹ pa gbogbo rẹ̀.

Ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ń rì irin sínú kẹ́míkà

Àwọn kan ní dípò kí àwọn ra tuntun, àwọn á gbé bíríìjì lọ fún àwọn tó ń fi kúróòmù bo báńpà ọkọ̀, tàbí alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ rò ó dáadáa. Wọ́n gbọ́dọ̀ bó aṣọ àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó fi tuntun sí i. Síńkì àdàlù tó wà nínú ọ̀pọ̀ bíríìjì olówó pọ́ọ́kú kì í fẹ́ ásíìdì, ó lè jẹ ẹ́ di páńda. Àwọn ojú sukúrúù wẹẹrẹ á sì dí.

Ẹ má dán an wò nílé rárá. Sáyánáìdì wà nínú ọ̀pọ̀ omi tí wọ́n fi ń lẹ wúrà, májèlé tó ń pani kíákíá ni. Ásíìdì kúróòmù sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Àwọ̀ irin gìtá kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ fẹ̀dọ̀fóró ṣòfò.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ dẹ okùn díẹ̀díẹ̀, ẹ má já a lẹ́ẹ̀kan náà. Irin kan ni kẹ́ ẹ tú, kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú èkejì. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi.

Tí ihò sukúrúù inú igi bá ti fẹ̀ jù, ẹ fi gúlúù igi sí igi ìtayín, ẹ kì í bọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó wọ sukúrúù tuntun. Tí igi bá le, ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ pa ara sukúrúù kó lè wọlé láìṣẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi bíríìjì tuntun sí i, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ tún okùn ṣe. Ẹ ta okùn ní fúrẹ́ẹ̀tì 12 láìtẹ̀ ẹ́, kí ìka kàn án fẹ́rẹ́ lásán, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ti títẹ̀ bá ga jù, ẹ sún sádúlù sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ sún un síwájú. Ẹ ṣe é fún okùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, béèsì rẹ̀ á máa ṣi ohùn bó bá ti gòkè ọrùn, wọ́n á sì ní wúrà ló bà á jẹ́.

Owó ńkọ́?

Láti oṣù kẹfà 2023 tí báńkì àpapọ̀ ti dẹ okùn náírà sílẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá ti fò lọ sókè. Odindi irin wúrà tó dára fún béèsì kan lè sún mọ́ iye tí èèyàn fi ra gìtá tókúnbọ̀ náà. Ẹ bi ara yín bóyá okùn tuntun, wáyà tó dára tàbí ẹni tó máa tún ọrùn gìtá ṣe kọ́ ló kù.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀bù àti bọ́tìnnì bẹ́líìtì. Kò ná yín lówó púpọ̀, kò ní ewu, tí kò bá sì dára lójú yín, ẹ dá a padà. Kò di dandan kí gbogbo irin bá ara wọn mu. Nọ́ọ̀bù dúdú lórí gìtá tí bíríìjì rẹ̀ funfun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Irin àtijọ́ tẹ́ ẹ tú, ẹ má jù ú nù. Ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ so ó mọ́ inú àpò gìtá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹni tó mọ gìtá máa bèèrè rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ Fender àtijọ́. Irin tí wọ́n fi bí i ń bu iyì kún un.

Tí irin wúrà bá sì ti wà lára gìtá yín, aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún lẹ́yìn ìsìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi Brasso kàn án. Brasso ń fá nǹkan ni, ó dára fún idẹ, ṣùgbọ́n á fá wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kúrò ní ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin oníbéèsì Yemetu, Òkè Àárẹ̀, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi èyí han ọ̀gá kọ́yà yín, kẹ́ ẹ sì ní kó wá oníná kí Sáńdè tó pé. Ó dìgbà.